Ìwé Mi Lórí Èdè Pólándì àti Ẹsiperántò

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ hẹ́dímásítà yẹn, pé ó ti pẹ́. Mi ò gbàgbé o. Inú mi ṣì ń dùn sí ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́.

Tíṣà kékeré ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Ọ̀wọ̀, ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira. Àbúrò bàbá mi tó jagun dé Íjíbítì ló mú ìwé pẹlẹbẹ kan bọ̀, tí wọ́n fi ń kọ́ sójà ní èdè Pólándì. Èmi fúnra mi kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìwé Ẹsiperántò, èdè tí dókítà ojú kan láti ilẹ̀ Pólándì jókòó ṣẹ̀dá, kí gbogbo ayé lè máa gbọ́ra wọn yé.

Ọdún méjì ni mo fi gbé èdè méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ìwé eléèpo dúdú kan. Mo kọ ọ́ pé “dom” ni ilé lédè Pólándì, “domo” sì ni lédè Ẹsiperántò. Ìrù “dom” kì í dúró sójú kan: domu, domowi, domem, bí iṣẹ́ tí ilé náà ń ṣe nínú gbólóhùn bá ṣe rí. “Domo” kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo orúkọ nǹkan ló ń parí sí “o”, òfin mẹ́rìndínlógún péré ló sì gbé èdè náà ró. Ibi tí inú mi ti dùn jù ni ìbéèrè. “Czy” ni ará Pólándì fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, “ĉu” ni Ẹsiperántò, bí àwa náà ṣe ń sọ pé “ǹjẹ́”. Mo fò sókè lórí àga lọ́jọ́ tí mo rí i.

Ṣùgbọ́n mo ṣe àṣìṣe kan. Nílé wa, èdè Ọ̀wọ̀ là ń sọ. Bí àlejò bá dé láti Ìbàdàn, Yorùbá inú Bíbélì la fi ń dá a lóhùn. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn: Pólándì nínú ilé, Ẹsiperántò fún àlejò. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé gbogbo ará Pólándì ló gbọ́ Ẹsiperántò láti kékeré.

Ọjọ́ Jímọ̀ là ń kó ìwé ètò ẹ̀kọ́ wa fún hẹ́dímásítà kó fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kan, ìtara mú mi fi ìwé eléèpo dúdú náà mọ́ ọn, kó lè rí i, kó sì yìn mí. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ padà ní ọjọ́ Ajé. Ìwé mi kò padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a rí ìkéde lára ògiri: hẹ́dímásítà yóò ka ìwádìí òun lórí èdè Pólándì àti Ẹsiperántò níwájú Fadá mánéjà, ọ̀gá gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Gbogbo wa mọ̀ pé Fadá ń wá ẹni tí yóò fi ṣe alábòójútó àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ.

Mo wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé mi ńkọ́?”

“Ìwé wo?”

“Èyí tí ẹ fẹ́ kà yẹn, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ta ni yóò gbà pé ìwọ lo kọ ọ́? Ìwọ Sítáńdáàdì Síìsì yìí? Bí ajá bá pa ẹran wálé, ṣé ajá ni wọ́n ń kí ni? Lọ kọ́ àwọn ọmọ ní A-B-D, jàre.”

Omi lé sí mi lójú, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó rí i. Ní ọjọ́ Sátidé, mo gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà Ìjàgbà. Òyìnbó kan pàgọ́ síbẹ̀, ó ń wọn ilẹ̀ fún ọ̀nà tuntun. Wọ́n ní ará Pólándì ni. Mo fẹ́ kó wá jẹ́rìí sí mi pé mo gbọ́ èdè rẹ̀. Mo fi Ẹsiperántò kí i. Ó ń wò mí. Mo tún un kí. Ó ń wò mí. Nígbà tí mo wá fi èdè Pólándì kí i pé “dzień dobry”, ó ju okùn ìwọnlẹ̀ sílẹ̀, ó dì mọ́ mi.

“Ẹsiperántò kẹ̀?” ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí. “Àwọn díẹ̀ ló kọ́ ọ nílé wa. Ìyá mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà.”

Ojú tì mí. Nígbà tí mo gun kẹ̀kẹ́ dé ìdajì ọ̀nà, mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó jí iṣu ti jí kòkòrò inú rẹ̀ mọ́ ọn! Mo ti pe òyìnbó náà síbi ìwé kíkà, mi ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Mo délé, mo ra ìwé tuntun, mo tún gbogbo iṣẹ́ náà kọ láti inú orí mi, mo sì ṣàtúnṣe ojú ewé àkọ́kọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìwé kíkà, hẹ́dímásítà wọ kóòtù dúdú. Nígbà tó rí òyìnbó níwájú, ó rò pé òkìkí òun ló pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: gbogbo ará Pólándì ló gbọ́ Ẹsiperántò láti kékeré.

Òyìnbó nawọ́ sókè. “Ará Pólándì ni mí. Mi ò gbọ́ ọ.”

Fadá yíjú sí i. “Hẹ́dímásítà, kí ló mú yín kọ irú èyí?”

Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Èmi nìkan ni mo mọ ìdí rẹ̀. Ó nàka síbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn. “Fadá, èmi kọ́! Tíṣà yẹn ló kọ ọ́!”

“Gbogbo rẹ̀ ni, sà?” Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

“Gbogbo rẹ̀! Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin!”

Mo dìde. “Òótọ́ ni, Fadá. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mo ṣàṣìṣe. Àtúnṣe rẹ̀ nìyí.” Mo ka tèmi fún nǹkan bí wákàtí kan, mi ò kánjú rárá. Hẹ́dímásítà jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ ń kan àgbọ̀n.

Tíṣà àgbà kan láti Àkókó ni Fadá fi ṣe alábòójútó. Lẹ́yìn oṣù kan, kátíkísì ìjọ wa gbé obì wá bá mi.

“Hẹ́dímásítà ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́. Àgbà ni, ọmọ mi.”

“Bàbá, ìwé mi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó ní òun ti dáná sun ún.”

Mo dá obì padà sí ọwọ́ wọn. Títí hẹ́dímásítà fi kúrò ní Ọ̀wọ̀, bí a bá pàdé láàárín èrò, màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, màá sì pariwo pé, “Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ̀yin ọmọ Pólándì!”