Ọkọ́ Bàbá Mi, àti Àwọn Ìtumọ̀ Tí N Kò Rán Níṣẹ́

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìkòsì. Ohun tí mo sì mọ̀ dájú ni pé èdè yìí kò ní ọ̀tá tó burú tó ẹni tí yóò wo ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì kan lórí, tí yóò sì wí pé, "Ṣebí ó ṣáà yé wa bẹ́ẹ̀." Kò yé yín. Ẹ kàn ń méfò ni. Ẹ̀rí mi nìyí.

Lọ́dọọdún, kọ́lẹ́ẹ̀jì wa a máa ya ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́rin sọ́tọ̀ fún eré, ijó, orin àti ìfihàn àṣà. Èmi ni alága ìgbìmọ̀ náà, nítorí pé ní ìpàdé tí wọ́n ti yàn mí, èmi nìkan ni n kò tètè dìde. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, nǹkan kò rọgbọ. Ní Jímọ̀ kìíní, ẹgbẹ́ akọrin wa kọrin fún ènìyàn mẹ́sàn-án, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́wọ́ pé òjò ni àwọn wá sá fún. Ní Jímọ̀ kejì, oníjó pọ̀ ju òǹwòran lọ. Nígbà tí ẹ̀kẹta náà rí bákan náà, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ pè mí.

"Madam," ni ó wí, "ẹ má bínú o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ máa lo ilé eré yẹn fún àwọn aláwàdà ní gbogbo Jímọ̀. Àwọn yẹn máa ń kó èèyàn wá. Tí eré yín tó máa gbẹ̀yìn ò bá kún, a máa gbé ilé náà fún wọn láti ọdún tó ń bọ̀."

"Sà, àṣà kì í ṣe àwàdà."

"Mo gbọ́. Àga òfìfo náà kì í ṣe àṣà."

Mo padà sí yàrá mi, mo tún mú ìwé eré tó kù náà.

Èmi ni mo kọ eré tó máa gbẹ̀yìn náà. Orúkọ rẹ̀ ni Ọkọ́ Bàbá Mi. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí bàbá rẹ̀ kú, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pín ilé àti ilẹ̀ láàárín ara wọn, tí wọ́n sì na ọkọ́ kan ṣoṣo tí bàbá fi ń ṣiṣẹ́ sí i pé kó gba ogún tirẹ̀. Eré ẹkún ni. Mo fi oṣù mẹ́ta tún ìlà kan ṣoṣo kọ nínú rẹ̀ kí ẹkún náà lè bọ́ sí ibi tó yẹ.

Mo fi àkọlé ránṣẹ́ sórí fóònù ọ̀gá kan tó ń tẹ báńà ní Kétu, àti àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀, kò sí ọ̀kan tó dín. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó gbé báńà náà wá, àwọn òṣìṣẹ́ sì so ó mọ́ ògiri iwájú kọ́lẹ́ẹ̀jì kí n tó ti kíláàsì dé. Ó fẹ̀, ó pupa, a lè kà á láti òdìkejì títì. Ohun tí ó wà lára rẹ̀ ni: OKO BABA MI. Nọ́ńbà fóònù mi sì wà ní ìsàlẹ̀.

Mo pe ọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀.

"Ọ̀gá, àwọn àmì ọ̀rọ̀ mi dà?"

"Àmì wo, Aunty?"

"Èyí tó wà lórí lẹ́tà. Àti èyí tó wà nísàlẹ̀."

"Háà! Àwọn kinní kéékèèké yẹn? Aunty, mo rò pé ìdọ̀tí ló bà sí i o! Mo ti bá yín nù ún kúrò, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbà mí lásìkò gan-an. Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́."

Ẹ jẹ́ kí á dúró níbí. Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí "nù" mọ́ tónítóní lè jẹ́ irinṣẹ́ àgbẹ̀, ó lè jẹ́ ohun ìrìnnà, ó lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ obìnrin sílé, ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ń gbin iṣu sí, ó lè jẹ́ òkúta tí wọ́n jù lu ènìyàn. Ó tún lè jẹ́ ohun mìíràn tí n kò ní kọ síbí, nítorí ìwé tí àwọn ọmọdé lè rí ni èyí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ sì ti lọ fún àtúnṣe ní Ògùdù, kò lè tẹ òmíràn kí Jímọ̀ tó dé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, fóònù mi ró. Mẹkáníìkì kan ní Alápẹ̀rẹ̀ ni.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ọkọ̀ bàbá yín yẹn, ṣé jíà rẹ̀ ṣì ń wọlé dáadáa?"

"Ọkọ́ ni. Kì í ṣe ọkọ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ọdún wo ni?"

Mo pa fóònù. Kò pẹ́ tí aṣọ́nà fi wá sọ pé àwọn ìyá mẹ́fà kan dúró ní gééètì láti ọjà Mile 12. Alátà àti onítòmátì ni wọ́n, wọ́n sì ti gbọ́ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ní oko bàbá kan tó fẹ́ máa ta ìkórè láìsí alárinà. Mo ṣàlàyé. Èyí tó ṣáájú wọn gbọ́ mi dé òpin, ó sì wí pẹ̀lẹ́ pé, "Ó yé wa, Aunty. Ẹ ò fẹ́ kí àwọn ará ibí gbọ́. A máa bọ̀ lọ́la."

Ẹni kẹta ni Alhaji tó ni ilé ní òdìkejì títì, àgbà ọmọ onílẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń dọ̀bálẹ̀ fún. Òun kò dúró ní gééètì. Ó wọlé tọ̀ mí wá.

"Ìyáàfin, ṣé ẹ ní bàbá?"

"Mo ní, sà. Wọ́n ti dolóògbé."

"Ṣé ó wá yẹ kí ẹ máa polongo ara òkú wọn lẹ́bàá títì? Fèrèsé mi kọjú sí i! Àwọn ìyàwó ọmọ mi ń kà á sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín!"

"Bàbá, ọkọ́ ni. Ọkọ́ tí à ń gbé lé èjìká."

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lára ògiri yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ! Nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ọkùnrin kan ṣoṣo tó gbà pé àmì ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì ni èyí tó ń bá mi jà. Mo ra ọ̀dà dúdú, mo gbé àkàbà sí ìdí ògiri. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó fẹ́ ṣe ọmọ nínú eré náà sáré wá di àkàbà mú.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Gbogbo ìgboro ló ń sọ̀rọ̀ wa."

"Irọ́ ni wọ́n ń sọ."

"Mo mọ̀, Mà. Àmọ́ irọ́ yẹn ló ń kó wọn bọ̀. Tí ẹ bá fi àmì sí i, wọ́n á mọ̀ pé ọkọ́ ni. Ta ló máa wọ mọ́tò wá wo ọkọ́?"

Mo dúró lórí àkàbà bí ẹni tí wọ́n gbé ìbéèrè ìdánwò tirẹ̀ fún. Bí mo bá fi àmì sí i, ilé eré á ṣófo, àwọn aláwàdà á sì gbà á. Bí n kò bá fi sí i, kí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọjọ́ yìí? Ní ìparí, mo ṣe ohun tí mo ti fi ń bú àwọn olóṣèlú: mo wá àárín. Mo fi àmì ìsàlẹ̀ sí abẹ́ O méjèèjì, kí ìtumọ̀ tí Alhaji rí lè kúrò níbẹ̀. N kò fi ti òkè sí i, kí mẹkáníìkì má baà padà lẹ́yìn wa. Mo sọ̀ kalẹ̀.

N kò tíì fọ ọwọ́ tán tí Alhaji fi tún dé.

"Ìyáàfin! Bàbá yín wá ní ọkọ? Ti àárọ̀ ṣì sàn!"

Ní aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀, ilé eré kún. Mẹkáníìkì mú ẹni méjì wá láti bá a yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Àwọn ìyá Mile 12 gba ìlà méjì gbáko, àwọn àti ẹ̀pà àti àgbàdo sísè wọn. Alhaji jókòó síwájú pátápátá, ó ká apá mọ́ra, ó ń retí ìtìjú. Ọ̀gá àgbà kò ríbi jókòó, ẹ̀yìn ló dúró sí.

Ó yẹ kí n dákẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi ń fi ojú bẹ̀ mí láti ẹ̀gbẹ́ pèpéle. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi irọ́ kó ènìyàn jọ ní orúkọ àṣà, kí ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára gbájú-ẹ̀? Mo jáde síwájú wọn.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ọkọ̀ kankan níbí. Kò sí oko tí a fẹ́ tà fún ẹnikẹ́ni. Bàbá mi kò sì ní ọkọ. Ọkọ́ ni eré yìí dá lé. Ẹni tó bá fẹ́ máa lọ lè máa lọ."

Ìyá tó ṣáájú àwọn onítòmátì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Aunty, kí ni wọ́n wá ń fi ọkọ́ ọ̀hún ṣe?"

"Wọ́n fi ń roko ni, mà."

"Ẹ gbọ́ bí! Ṣé mo sọ fún yín? Oko náà ni! Ẹ jókòó!"

"Àwa ńkọ́?" ni mẹkáníìkì kígbe. "Àwa tá a torí ọkọ̀ wá?"

"Ìwọ náà jókòó," ni Alhaji dá a lóhùn láìbojúwẹ̀yìn. "Ṣé o níbi tó ò ń lọ ni?"

Kò sẹ́ni tó dìde. Eré bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì bà á jẹ́ fún mi pátápátá. Níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n ti ń pín ogún, tí mo fẹ́ kí omijé bẹ̀rẹ̀, mẹkáníìkì pariwo pé, "Ọkọ̀ ńkọ́? Ta ló gbé ọkọ̀?" Ọmọ tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n àgbà, tí n kò kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i lẹ́nu, wá fèsì pé, "Èmi ni mo gbé e!" Àwọn ìyá bú u, wọ́n ju ṣùkù àgbàdo lù ú. Ìlà tí mo fi oṣù mẹ́ta kọ, ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ. Nígbà tí ọmọbìnrin náà gbé ọkọ́ lé èjìká, tó ń jáde lọ, Alhaji nìkan ni n kò rí kó rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ fìlà, ó tún un dé, ó ń wo ilẹ̀.

Kí n tó dé ẹ̀yìn, ọ̀gá àgbà ti lọ. Èèpo ẹ̀pà bo ilẹ̀ dé kókósẹ̀.

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ dé. Yorùbá ló fi kọ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé n kì í dáhùn Gẹ̀ẹ́sì ní àsìkò àṣà: "Madam, e gba ile ere naa. Mo ti ri i pe o ye bee."

Mo fi han akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi.

"Mà, wọ́n ní ká wá gbá ilé ni o. Ṣé ẹ rí bí àwọn ìyá yẹn ṣe ṣe ibẹ̀?"

"Ibo lo ti rí àmì òkè lórí a yẹn?"

Ó tún un wò. "Kò sí níbẹ̀, Mà."

"Nígbà náà, 'gba' ni."

Mo fèsì lójú ẹsẹ̀, àmì pé pérépéré: "Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. A ti gba ilé eré náà, ti ọdún tó ń bọ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó fi àwòrán àtàǹpàkò kan dá mi lóhùn. Àtàǹpàkò kò ní ohùn òkè, kò sì ní ti ìsàlẹ̀. Ní àárọ̀ Ajé, mo mú ìgbálẹ̀, mo sì lọ gbá gbogbo ilé náà láti pèpéle dé ẹnu ọ̀nà, kí ìtumọ̀ kejì má baà rí ẹ̀sùn kankan kà sí mi lọ́rùn.