Ewé Òkun Tí Mo Kọ̀ Láti Dà Nù

Inú ìgò ni mo ti gbé òkun wọ Sákété. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní kọ̀lẹ́ẹ̀jì kan níbẹ̀, mo sì háyà yàrá lọ́dọ̀ bàbá onílé kan lẹ́yìn ọjà. Nígbà ìsinmi kan, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi létí òkun, níbi tí àwọn obìnrin ti ń se iyọ̀. Omi inú kòtò wọn ní àwọ̀ ewé. Wọ́n ní ìdọ̀tí ni. Mo bu díẹ̀.

Nígbà tí mo gbé ẹ̀kán rẹ̀ kan sábẹ́ míkróskọ́ọ̀bù ilé ìwé, ìdọ̀tí náà ń lúwẹ̀ẹ́. Ewé ni wọ́n, àmọ́ wọ́n kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí. Oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀. Èyí tí mo ti kà nípa rẹ̀, tí mò ń wá, rí bí ẹyin, ó ní ìrù méjì lórí. Kí n lè yà á sọ́tọ̀, mo ń fi iyọ̀ kún omi náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn yòókù kú. Òun kò kú. Ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Mo fún un ní ajílẹ̀ tíńtín, mo dà á sínú àwọn ìgò fífẹ̀ lẹ́yìnkùlé, torí mo fẹ́ kó pọ̀ tó ohun tí a lè sá gbẹ fún adìẹ àti pẹ́pẹ́yẹ jẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, oòrùn mú, omi fà, ewé mi sì pupa bí epo. Pupa yẹn gan-an ni mò ń wá, torí òun ló ń sọ inú ẹyin adìẹ di pupa rẹ́súrẹ́sú. Àmọ́ bàbá onílé ló kọ́kọ́ rí i. Ó lọ pe àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ àgbà nínú ìjọ wa, àwọn méjèèjì sì wá bá mi.

"Mádàámù, ẹ̀jẹ̀ ta lẹ dà sígò nílé mi?"

"Ewé ni, bàbá. Oòrùn ló sọ ọ́ di pupa."

"Ewé wo ló ń pupa?"

"Ẹ wo igi furúntù ẹnu ọ̀nà yín. Kí ni ewé ẹ̀ ń ṣe lẹ́ẹ̀rùn?"

Ó ní kí n dà á nù, tàbí kí n kó jáde.

Àbúrò bàbá mi rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, wọ́n ti ń sọ pé o ń bọ òrìṣà omi. Dà á nù nítorí orúkọ wa."

Mo kúnlẹ̀. "Mi ò ní dà á nù, bàbá."

Ìkúnlẹ̀ jẹ́ tiwọn, ìdáhùn jẹ́ tèmi.

Mo fi àpò ìrẹsì wé àwọn ìgò náà, mo gbé wọn lórí ọ̀kadà zẹ́mì lọ sí Ìsàba, ilé ìyá mi. Lẹ́yìn Pọ́bẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù símẹ́ńtì kan lé wa sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ìgò kan fọ́, omi iyọ̀ ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀. Mo di àwọn tó kù mú.

Ìyá mi wò wọ́n títí. "Ṣé pẹ́pẹ́yẹ á jẹ ẹ́?"

"Wọ́n á jẹ ẹ́."

"Kí ló wá ń dun àwọn yẹn?"

Ó fún mi ní ẹ̀yìn ilé ìdáná. A gbẹ́ kòtò tí kò jìn, a tẹ́ rọ́bà sí i, a po omi iyọ̀, a sì da ewé náà sí i. Òjò àkọ́kọ́ bà á jẹ́: omi òjò pa iyọ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ rà, ó ń rùn, àwọn aládùúgbò sì rẹ́rìn-ín. Mo tún gbìn ín láti inú ìgò tó kù, mo sì bo kòtò. Nísinsìnyí, a máa ń da omi eérú sí i kí ewé náà lè rọ̀ sísàlẹ̀, ká ro omi òkè kúrò, ká sá ìyókù sóòrùn lórí aṣọ funfun. Iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, torí náà díẹ̀ la máa ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ.

Àbúrò bàbá mi kì í mumi nílé wa mọ́. Ó dùn mí, kò yí mi padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wá láti Tówẹ̀, ó ní kí n kọ́ òun. Mo sọ fún un pé àwọn ará ilé rẹ̀ máa sọ̀rọ̀.

Ó ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ," ó ní.