Ìdáhùn Ojú Pátákó

Inú ṣì ń bí mi, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí.

Lọ́dún tí mo ṣe ìdánwò àṣejáde ní Òkìtìpupa, màmá mi, tó ń se epo ní Ìlútítun, gbààwẹ̀ nítorí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe, bí mi ò bá sì yege nínú kẹ́místírì, ó parí nìyẹn. Mo kàwé. Ìdí agbada epo ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní ítà lórúkọ: ọ́síjìn á wà láàárín, kábọ́ọ̀nù á wà lọ́tùn-ún lósì. Apá tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ pọ̀ jù ni olórí orúkọ. Apá kékeré á mú ọ́síjìn dání, á ṣáájú.

Lọ́jọ́ ìdánwò, a ò tíì kọ̀wé jìnnà tí olùkọ́ kẹ́místírì wa fi wọlé. Alámòójútó kọjú sí fèrèsé bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìdáhùn sójú pátákó fún wa. Nígbà tó dórí ítà tó ní kábọ́ọ̀nù kan lápá kan, méjì lápá kejì, ó kọ ítọ́kísì-mítéènì. Ó fi ọmọ ilé ṣe baálé! Mo nawọ́, mo ní mítọ́kísì-ítéènì ni. Ó ní kí n jókòó, kí n kọ ohun tí ẹgbẹ́ mi ń kọ. Orí mi gbóná. Tèmi ni mo kọ látòkè délẹ̀.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àṣìṣe kan náà ni àjọ tó ń ṣètò ìdánwò bá nínú ìwé àwọn tó kù, ni wọ́n bá fagi lé èsì gbogbo gbọ̀ngàn. Tèmi bá a lọ. Kò sẹ́ni tó wò ó pé ìwé kan yàtọ̀.

Màmá mi bi mí bóyá mo jí ìwé wò. Mo ní rárá, ó gbà mí gbọ́, ó sì mú mi lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ọ̀gá ní kó fọkàn balẹ̀, pé lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn á wá ẹni tó mọ kẹ́místírì dáadáa tí yóò kọ ìdáhùn.

Màmá mi ní, "Ọ̀gá, ọma mi mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó kọ tirẹ̀."

Ọ̀gá yíjú sí mi, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ṣé o mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀? Kúkú wá bá wa kọ ọ́ sójú pátákó."

Màmá mi dìde, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n má dá a lóhùn.