Ìbọ̀wọ́ Inú Àpótí Ìyá Mi

Bí òórùn epo pupa tó ń hó bá gba imú mi láàárọ̀, ilé wa ní Issaba ni mo máa ń rántí, àti ìyá mi nídìí ìkòkò, tí èéfín ń ta wọ́n lójú, tí wọ́n ń bú igi tí kò gbẹ. Bàbá mi ló ń kọ ẹyìn. Kò sí ọ̀pẹ tí wọn kì í gùn, àfi ọdún tí ìfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bíi kókó lábẹ́ ikùn wọn. Bí wọ́n bá ti gbé igbà kọ́ ọ̀pẹ báyìí, ìrora á dá wọn padà sílẹ̀.

Dókítà kan ní Sakété ní iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè wò ó. Ó kọ ọ̀dọ́náǹsì lé wa lọ́wọ́, ìwé gígùn kan báyìí. Gbogbo ohun tí wọ́n máa lò, àwa la máa rà á wá, títí kan òwú tí wọ́n á fi rán ikùn àti ìbọ̀wọ́ tí dókítà fúnra rẹ̀ á wọ̀. Agbára wa kò ká a lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi ní, "Díẹ̀díẹ̀ la ó máa rà á." Bí wọ́n bá ta epo lọ́jà Pobè lónìí, wọ́n á ra òwú. Lọ́jọ́ ọjà mìíràn, ó di báńdéèjì. Inú àpótí aṣọ ìgbéyàwó wọn ni wọ́n ń kó o sí, bíi ẹrù ìyàwó. Ọ̀pọ̀ oṣù ló gbà.

Ìbọ̀wọ́ ni wọ́n rà kẹ́yìn. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Ìyá mi lọ sódò, èmi àti Àìná àbúrò mi bá ṣí àpótí, a ya bébà funfun tí wọ́n fi wé ìbọ̀wọ́, a sì fẹ́ atẹ́gùn sínú méjèèjì. Ó wú, ó rí bí ọmú màlúù. A so wọ́n mọ́ okùn aṣọ, wọ́n ń juwọ́ sí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Bàbá mi rí i, wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti bá mi pe dókítà wá sílé ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú, tí wọ́n jókòó sílẹ̀.

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọṣẹ fọ ìbọ̀wọ́, wọ́n sá a, wọ́n sì fi ẹ̀kọ lẹ bébà rẹ̀ padà. Wọ́n ní ó tiẹ̀ wá mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì wo bébà náà, ó fọwọ́ kan ẹ̀kọ gbígbẹ. "Màmá, wọ́n ti ṣí èyí. Kò ṣeé lò mọ́. Bí kò bá sí òmíràn, ẹ máa gbé bàbá padà sílé ni." Kò sí ohun tó kù lọ́wọ́ wa. Mo rò pé mo ti pa bàbá mi. Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́ níṣojú gbogbo èèyàn. Alhaja kan tó ń ta aṣọ ní Sakété, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ rẹ̀, ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìbọ̀wọ́ tí wọn kò tíì ṣí jáde. "Ẹ gba èyí, ti ọmọ mi ló ṣẹ́kù. Ẹ má na ọmọ yìí o."

Bàbá mi padà sórí ọ̀pẹ.

Lọ́dún tó kọjá, irú àìsàn yẹn ló mú ọkọ mi. Olùkọ́ ni mí báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ra gbogbo ohun tó wà nínú ìwé, mo sì fi ìbọ̀wọ́ kan lé e. Nígbà tí iṣẹ́ abẹ parí, ọmọbìnrin mi fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sínú èyí tó ṣẹ́kù. Kí n má purọ́, ó ń wu èmi náà láti fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìyàwó kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka ọ̀dọ́náǹsì ọwọ́ rẹ̀ lákàtúnkà. Mo gbé ìbọ̀wọ́ náà fún un, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí bébà rẹ̀.