Odò Tí Mo Ń Gbé Ọ̀rọ̀ Kọjá

Ọdún tí àgbàrá gbé afárá ọ̀nà oko wa lọ ni. Àgbà tó bá ń ṣe oko ní apá Igbó-Ọrà wa níbí yóò rántí ọdún náà, nítorí orí la fi ru gbogbo ẹ̀gẹ́ òdìkejì odò kọjá, tí a ń ká ìró dé orúnkún kí a tó wọ omi. Èmi kò mọ ìwé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún ẹnu mi ṣe.

Òórùn gààrí ni imú mi kọ́kọ́ ń rántí. Àtíbàbà wa wà létí odò lápá ibí. Obìnrin márùn-ún ni wá, agbada mẹ́ta la sì ń yan. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ náà rí, ẹ mọ bí omi ẹ̀gẹ́ ṣe ń kan nínú àpò, bí èéfín ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ títí dọjọ́ kejì. A ń rẹ́rìn-ín, a ń sọ̀rọ̀ ọkọ ara wa láìdáa, ọwọ́ kò sì dúró. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti òdìkejì, òórùn mìíràn á dé: pẹtiróòlù, àti ilẹ̀ tí oòrùn kò rí rí. Àwọn ọkùnrin tó ń wa òkúta iyebíye wà níbẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ kòtò lọ sísàlẹ̀ bí kànga, tó bá jìn tó, wọ́n á gbẹ́ ẹ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ihò òkété. Lọ́wọ́ wa ni wọ́n ti ń ra gààrí.

Lóru ọjọ́ kan, òjò rọ̀ mọ́jú. Ní òwúrọ̀, ẹnu kòtò kan wó, ọkùnrin mẹ́ta sì wà nísàlẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ará ilé wọn ti gun ọ̀kadà dé: ìyá àgbà kan láti ìlú Tápà, tí ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyàwó kékeré kan láti Lánlátẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ wà nínú kòtò, tó pọn ọmọ sẹ́yìn, àti dírẹ́bà kan tí àbúrò rẹ̀ ṣe ẹnì kẹta. Ọ̀gá kòtò ní kí wọ́n má kọjá odò. Ilẹ̀ ṣì ń wó, àwọn tó ń gbẹ́ sì nílò ìdákẹ́rọ́rọ́ kí wọ́n lè gbọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ń fi òkúta lu ara kòtò nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá jókòó sábẹ́ àtíbàbà wa.

Lẹ́yìn ọ̀sán, wọ́n gbọ́ ọ. Kó, kó, kó. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ọ̀gá kòtò fẹ́ bọlá fún àwọn ará ilé, ó bá rán àgbà ọkùnrin mẹ́ta. Àwọn àgbà náà rọra kọjá, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n jókòó, wọ́n bèèrè omi. Èyí tó dàgbà jù wúkọ́, ó ní, “Ta ni àgbà nínú yín?”

Ṣé ẹ rí i, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń túfọ̀ nílẹ̀ wa. Ìyá Tápà já gèlè rẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀. Ìyàwó kékeré fẹ́ bẹ́ sódò tọmọtọmọ, dírẹ́bà ló dì í mú. Nígbà tí bàbá náà máa fi sọ pé wọ́n wà láàyè, ta ló ń gbọ́? Ẹkún náà sì dé òdìkejì. Àwọn tó ń gbẹ́ rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, wọ́n ju ọkọ́ sílẹ̀, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tún gbé e.

Inú bí mi. Mo ká ìró mi, mo lọ bá ọ̀gá kòtò. “Ẹ má rán àgbà mọ́. Èmi ni kí ẹ máa rán.”

“Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yin, Ìyá Rísì?”

“Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá odò yìí. Bí wọ́n bá rí mi, wọn ò ní rò pé ikú ni.”

Bí agbada kan bá ti yan tán, èmi á kọjá, mo á fojú ara mi wò, mo á padà. Bí kò bá sí ohun tuntun, mo á sọ pé kò sí ohun tuntun. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni mo ń lọ tí mo ń bọ̀. Dírẹ́bà ní, “Ìyá Rísì, ẹ ti di rédíò.” Mo ní, “Rédíò tí kì í jẹ bátìrì, gààrí ló ń jẹ.” Ìyá Tápà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí dòní pé a rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ki páìpù kan wọlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá kòtò ń pe orúkọ wọn sínú páìpù náà. Ọkọ ìyàwó kékeré dáhùn. Àbúrò dírẹ́bà dáhùn. Ó pe orúkọ ọmọ Ìyá Tápà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ohùn. Ó di apá mi mú. “Ẹ ṣáà sọ pé wọ́n ti dáhùn. Kì í ṣe irọ́.”

Kì í ṣe irọ́ lóòótọ́. Mo wọ odò, n kò sì lè yára. Ọjọ́ tí bàbá mi kú ló wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi nílé ọkọ pé bàbá ń bèèrè mi. Mo se ọbẹ̀ ẹja tó fẹ́ràn, mo gbé e dání pẹ̀lú ìdùnnú. Ẹ̀gbẹ́ sàréè tuntun ni mo gbé ọbẹ̀ náà dé. Àwọn tó ránṣẹ́ náà rò pé àánú ni wọ́n ṣe mí.

Nígbà tí mo dé àtíbàbà, mo sọ ti àwọn méjì tó dáhùn. Mo wá kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Tápà. “Ìyá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pe ọmọ yín, kò tíì dáhùn. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ó kú, ẹnikẹ́ni kò sọ pé ó wà. Bí agbada yìí bá yan tán, mo á tún lọ wò.”

Ó na ọwọ́ gba àkúfọ́ igbá lọ́wọ́ obìnrin tó ń yan gààrí. Ó ní, “Ẹ jẹ́ n bá yín yan díẹ̀.” Ó yan án, kò jẹ́ kó jóná.

Kí wọ́n tó kírun Alásárì, wọ́n fa àwọn méjì jáde láàyè. Ẹnì kẹta, òun ni ilẹ̀ kọ́kọ́ wó lù. Àwọn ẹnìkejì rẹ̀ sọ pé kò lu òkúta kankan láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kọjá. Ìyá Tápà kò gbé ojú sókè kúrò lára agbada.

“Ìyá Rísì, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ti ń sọ ọ́ bọ̀.”

“Wọ́n ti rí i, Ìyá. Kò sí láàyè. Mo rí ojú rẹ̀, kò bàjẹ́.”

Ó sọ gbólóhùn tí àwa Mùsùlùmí ń sọ níbi ikú. Ó gbọn gààrí kúrò lọ́wọ́, ó dìde. “Ẹ mú mi kọjá.” Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jọ wọ omi.

Ọdọọdún ló ń wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn náà, ó ń gbé ẹ̀gúsí wá, títí tí Ọlọ́run fi pè é. A á jókòó, a á sọ̀rọ̀ àwọn tó kù láyé, a á rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ṣe afárá mìíràn, ẹ̀rọ ló ń yan gààrí báyìí, àárò Ìyá Tápà sì ń sọ mí ju ti ọ̀pọ̀ ẹbí mi lọ.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ara mi kò yá, àwọn ọmọ mi bá dókítà sọ̀rọ̀ níta. Wọ́n pẹ́. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ jẹ. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo ní, “Mo ti gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo ju èyí lọ fún ìyá kan rí, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ohun tí dókítà gbé fún yín, èmi ló ni ín. Ẹ gbé e fún mi.”