Gálílì Tí A Lọ Láìkọrin

Ìkùukùu òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Àjíǹde lọ́dún yẹn pọ̀ débi pé àwọn tó wà níwájú dà bí aṣọ funfun tí wọ́n sá sórí okùn, tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Ojú ọ̀nà Ayégbajú sí Ọyẹ́ la wà. Àwa ọ̀dọ́ ìjọ ń lọ sí Gálílì: a óò fẹsẹ̀ rìn lọ bá ìjọ kejì, a óò jẹun, a óò ṣeré, a óò padà sílé nírọ̀lẹ́. Orin ni wọ́n fi ń mọ̀ pé Gálílì ń bọ̀. Lọ́dún yẹn, ẹnikẹ́ni nínú wa kò kọrin.

Èmi ni mo ń bójú tó àwọn ọ̀dọ́ náà. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì wálé. Àlùfáà wa ní, "Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ wá bá wa bójú tó àwọn ọmọ yìí." Mo rò pé Bíbélì ni n óò máa kọ́ wọn. Mi ò mọ̀ pé n óò máa bá wọn bẹ bàbá tó lé ọmọ jáde, tàbí pé n óò máa dúró ní ibùdókọ̀ Ọyẹ́, tí n óò máa juwọ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ ní kété tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ wọ́n dáadáa.

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan ló gbà mí lọ́kàn jù lọ́dún yẹn. Òun ló ń dárin fún wa. Kì í ṣe pé ohùn rẹ̀ le. Tó bá ṣáà ti lanu, ẹsẹ̀ rẹ á ti máa lọ kí o tó mọ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà ní ọsibítù ní Ìdó, gbogbo wa wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. A dúró lábẹ́ igi níta, ó dárin, a gbè é títí ọ̀fun wa fi gbẹ. Ìyá náà kú kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, kò wá sí ìpàdé mọ́. Mo lọ bá a lẹ́yìn ilé wọn níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́.

"Àǹtí, ẹ jókòó."

Mọ́mì ni gbogbo wọn ń pè mí. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń pè mí tẹ́lẹ̀.

"A ń retí ẹ," ni mo wí.

"Orin ni mo ń kọ tí mọ́mì mi fi kú. Ẹ sọ fún mi, Àǹtí, kí ni kí n tún máa kọ?"

Mo ti bi àwọn ìjòyè àti ọlọ́pàá ní ìbéèrè rí, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń yẹra fún ìdáhùn. Mo mú ọ̀bẹ kejì, mo bá a bó ẹ̀gẹ́.

Nígbà tí mo fẹ́ dìde, ó ní, "Màá bá yín lọ sí Gálílì. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ní kí n kọrin. Tí ẹnì kan bá sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, mo ti padà sílé nìyẹn, mi ò sì ní wá mọ́."

Mo sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Àwọn tí kì í lè dákẹ́ nígbà àdúrà! Tí ọ̀rọ̀ náà bá bọ́ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, a ti pàdánù ọmọbìnrin náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dúró lẹ́yìn gbogbo wa lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Olórí àwọn ọ̀dọ́, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìkọ̀lé, gbé ìlù ńlá kọ́rùn. Àsìkò tó kí wọ́n dárin. Gbogbo ọrùn fẹ́ yí sẹ́yìn, kò sí èyí tó yí. Ọmọkùnrin náà bá gbé ìlù rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Bọ̀dá, ta ló máa dárin?" ni ọmọ kan bi í.

"Kò sẹ́ni tó ń dárin. Tí kò bá kọ, àwa náà ò kọ."

"Ṣé a ò ní dà bí àwọn tó jí ewúrẹ́ kó báyìí?"

"Máa rìn jàre, elẹ́nu gígùn."

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́ wọn ní èyí. Mo kàn tẹ̀ lé wọn ni.

A rìn wọnú ìkùukùu. Omi ń kán láti ara ewé kòkó sórí ewé mìíràn. Nígbà mìíràn ó ń ṣe mí bíi pé a dúró sójú kan, pé ọ̀nà ló ń kọjá lábẹ́ wa. Ọlọ́kadà kan rọra dẹwọ́ eré, ó ṣí fìlà, ó rò pé òkú là ń sin. Ìyá àgbà kan tó ń lọ sóko dúró, ó wò wá láti iwájú dé ẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, Jésù ò jí mọ́ ni?"

Ó tún sún mọ́ wa.

"Àbí ẹ jà ní ulé ni?"

"A ò jà, ìyá," ni onílù wí. "Ẹnu wa ló ń sinmi."

"Ẹnu ọ̀dọ́ ń sinmi! Áà, ayé fẹ́ parí."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà ni. Ó rín títí ó fi lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. A dúró dè é, a kọjú síwájú, kò sẹ́ni tó yíjú wò ó.

Nígbà tí a dé Ọyẹ́, àwọn tó fẹ́ gbà wá lálejò ti jókòó ti oúnjẹ. Obìnrin tó ń bu ìrẹsì fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ṣíbí nù nígbà tí ó rí wa lẹ́nu ọ̀nà. "A ò gbọ́ yín! A ní ẹ ò wá mọ́ ni, a ti ń jẹ ìrẹsì yín!"

Àlùfáà wa, tó ti bá ọkọ̀ ṣáájú wa, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mọ́mì, Àjíǹde rèé, ọ̀dọ́ ò kọrin. Kí ni kí n sọ fún àwọn àgbà ìjọ?"

"Baba, ẹ sọ fún wọn pé gbogbo wọn ló dé."

Ó wo àwọn ọ̀dọ́ náà, ó rí ọmọbìnrin yẹn láàárín wọn tó gbé àwo dání. Ó lọ gba ìrẹsì tirẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, bí a ti ń padà, mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n gbọ́ lójú ọ̀nà láàárọ̀. Iṣẹ́ mi àtijọ́ kò tíì tán lára mi.

"Sálúbàtà," ni onílù wí. "Ti kálukú ló ní bó ṣe ń dún."

"Ikùn mi," ni elẹ́nu gígùn wí.

Ọmọbìnrin náà ní, "Mò ń retí kí ẹnì kan ṣì í sọ, kí n lè padà sílé. Ẹ ò sọ ọ́. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo ṣáà ń bọ̀."

"Ṣé wàá wá lọ́jọ́ Ìsinmi?" ni mo bi í.

"Màá wá. Mi ò ní kọrin o."

"Ta ló ní kí o kọrin?"

Ó wá lóòótọ́. Títí di òní, ẹ̀yìn ló ń jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àǹtí ló ṣì ń pè mí. Onílù ló ń dárin báyìí, ó sì máa ń gbé e sókè jù. Ọmọbìnrin náà kò tíì kọrin. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí onílù tún gbé orin sókè tí ọ̀fun gbogbo wa ń ya, mo rí i tó na ọwọ́ jáde lẹ́yìn àga, tó rọra tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí ọmọ ọwọ́ sùn. Onílù rí i. Ó rẹ orin náà sílẹ̀.