Jẹ́ Kí Ìwé Sọ̀rọ̀ Tán

Ó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà tí Ìyá Ìbejì wọlé tọ̀ mí wá ní ọ́fíìsì, tí ó sì jókòó kí n tó fi ìjókòó lọ̀ ọ́. Ní Igbó-Ọrà, bí èèyàn bá pe Ìyá Ìbejì lọ́jà, ìdajì ọjà ni yóò dáhùn. Èyí tí mò ń wí yìí ló ń yan gaàrí lẹ́bàá títì tó lọ sí Èrúwà. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, Táíwò àti Kẹ́hìndé, ti ṣe ìdánwò àṣejáde. Táíwò yege pátá, ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn sì ti gbà á. Kẹ́hìndé yege nínú gbogbo rẹ̀ àfi èdè Gẹ̀ẹ́sì.

"Antí, Táíwò ò ní dá lọ," ó ní. "Wọ́n jọ wá ni. Wọn ó jọ lọ ni."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ilé ẹ̀kọ́ náà gbà láti fi àyè Táíwò dè é di ọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì ẹnì kan ṣe di ẹrù lórí èèyàn méjì nìyẹn.

Kẹ́hìndé àtàwọn mìíràn tí wọ́n fẹ́ tún ìdánwò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti parí. Àkàyé ló dá a dúró: wọ́n á fún ọmọ ní àyọkà, á kà á, á sì dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé wa ní kí n fún wọn ní ìbéèrè àtijọ́ títí wọn ó fi mọ̀ ọ́n lórí. A ṣe é, máàkì ò kúrò lójú kan. Mo tún wá àyọkà tó le, lórí yìnyín àti ọkọ̀ ojú irin ìlú òkèèrè, mo rò pé líle ni agbára. Oorun ni wọ́n fi gbè é.

Níkẹyìn mo rí ìtàn kékeré kan lórí ìbejì. Mo ní ọ̀rọ̀ tiwọn rèé. Ẹni tó kọ ọ́ sọ pé Táíwò ni ẹ̀gbọ́n, pé ìdí nìyẹn tí oko bàbá wọn fi kàn án. Ìbéèrè sì ni pé: ta ni ẹ̀gbọ́n? Gbogbo kíláàsì, láìku ẹnì kan, ló kọ Kẹ́hìndé. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò?

Mo bi Kẹ́hìndé tiwa pé ibo ló ti rí i nínú àyọkà.

"Kò sí níbẹ̀, Antí," ó ní. "Ẹni tó kọ ọ́ ló ṣì í kọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mọ̀wé kà. Àmọ́ bí ìwé bá ti dé ibi tí òun náà mọ̀, á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìwé, á máa sọ tirẹ̀ lọ.

Mo kó yìnyín àti ọkọ̀ ojú irin dànù. Mo wá àyọkà lórí ohun tí wọ́n mọ̀ bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n tí ẹni tó kọ ọ́ rí i lọ́nà mìíràn. Ọ̀kan sọ pé ọ̀nà tí à ń gbà gbin pákí ń ba ilẹ̀ jẹ́. Òmíràn ní ọbẹ̀ ìlasa kọ́ ló ń fún wa ní ìbejì. Ẹni tó bá dáhùn gbọ́dọ̀ fi ìka lé ìlà tó ti rí i.

"Ìwọ kọ́ ni mo bi," ni mo máa ń sọ. "Ìwé ni mo bi. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán."

Ẹnu mi mú, wọ́n sì kùn sí mi dáadáa. Ọ̀rọ̀ ìlasa yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Kẹ́hìndé lẹ́kún, nítorí ìyá rẹ̀ kì í fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, ó ń kọ́kọ́ sọ ohun tí òǹkọ̀wé wí kó tó bá a jà.

Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, ó dúró dè mí lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ. "Antí, tí mo bá tún féèlì, ẹ bá mi bẹ màámi kí wọ́n jẹ́ kí Táíwò máa lọ. Ojú rẹ̀ ń tì mí."

Mo ṣèlérí fún un. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun.

Ó yege. Kì í ṣe máàkì tí èèyàn ń fi ṣe fọ́ńté, ṣùgbọ́n ó tó fún ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì láti gba òun náà. Mo sunkún lójú àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ojú ò tì mí. Títí dòní, bí olùkọ́ kékeré bá bi mí pé irú ìwé wo ni kí òun fún ọmọ, mo máa ń ní kó wá èyí tí yóò bá ọmọ náà jiyàn lórí ohun tó dá a lójú.

Mo sìn wọ́n dé gáréèjì lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ. Ìyá Ìbejì ló di ẹrù, òun ló bá dírẹ́bà ná owó ọkọ̀, òun ló yan ìjókòó fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bọ́ọ̀sì gbéra lọ sí Ìbàdàn. Mo ní ká máa lọ, kò mira.

"Antí, èmi náà ni mo ní kí wọ́n jọ lọ," ó ní. "Mi ò rò ó pé ọjọ́ kan náà nilé ó ṣófo."

 Mo bá a jókòó sórí bẹ́ǹṣì.